Ọmọ tí Ilé Mẹ́tàlá Ń Bọ́

Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ ń wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi láti béèrè bóyá iṣẹ́ nọ́ọ̀sì yẹ yín, aṣọ funfun lẹ ń wò. Èmi náà, aṣọ funfun ni mo kọ́kọ́ rí. N kò ní sọ pé kí ẹ ṣe é, n kò sì ní sọ pé kí ẹ má ṣe é. Ohun tí ojú mi rí láyé òyìnbó ni mo fẹ́ kọ, nítorí àwọn kan ti kọ tiwọn sínú ìwé ìrántí ìjọ, bí ẹni pé èmi kò sí níbẹ̀ rárá. Ọjọ́ tí mo ka ìwé náà, ṣe ni mo jókòó, tí n kò lè ṣí ojú-ìwé kejì. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Tèmi ti dákẹ́ pẹ́ jù.

Abereke ni wọ́n bí mi sí, níwájú òkun gan-an. Bàbá mi ń pẹja, ìyá mi ń yan án. Mo ka ìwé mẹ́fà, orí mi sì pé. Ìjọ gbà mí síṣẹ́ ní díspẹ́ńsárì wọn kan tí n kò ní dárúkọ, nítorí àwọn ọmọ àwọn ọmọ wọn ṣì wà láyé. Ní ti owó oṣù, ẹ má ṣe bi mí. Ó ń ra ọṣẹ.

Ọ̀gá tí wọ́n fi mí sábẹ́ rẹ̀ ni à ń pè ní Sístà Dọ́kásì. Ará òkè ni, Èkó ló ti kọ́ṣẹ́. Obìnrin gígùn, tí aṣọ rẹ̀ kì í rún, tó sì ń bẹ̀rù omi bí ológbò. Ní ilẹ̀ tiwa tó jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ ra ata gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀, Sístà lè lo oṣù mẹ́ta láìkúrò lórí pákó díspẹ́ńsárì. Àwọn aláìsàn ló ń wá bá a. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ọdún kan gbáko ni n kò fọwọ́ kan ọmọ ẹnikẹ́ni. Mo ń fọ ìgò, mo ń se aṣọ nínú omi gbígbóná, mo sì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìwọ̀n. Ìwọ̀n wa nígbà náà, edé gbígbẹ ni wọ́n fi ń wọ̀n tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn oníṣòwò ló fi ta ìjọ lọ́rẹ. A so ó mọ́ igi àjà, a so àpò kan mọ́ ìkọ́ rẹ̀, a sì ń gbé ọmọ sínú àpò náà. Bí a ti fọ̀ ọ́ tó, òórùn edé kò kúrò lára rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ọwọ́ Sístà ń bà lẹ́rù a dákẹ́ bí wọ́n bá ti dénú àpò yẹn. Mo rò pé òórùn ilé wọn ni wọ́n gbọ́.

Sístà a gbé àpò ìrẹsì kan náà fún mi kí n wọ̀n ọ́n nígbà mẹ́wàá. Bí ìkẹwàá bá yàtọ̀ sí ìkíní, rúlà á bà mí lẹ́yìn ọwọ́. "Ohun tí o kò bá kọ sílẹ̀, o kò rí i," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Bí mo bá sọ pé ara ọmọ kan gbóná, á ní, "Níbo lo kọ ọ́ sí?" Bí n kò bá tíì kọ ọ́, ara ọmọ náà kò gbóná. N kò ní fi ìbínú bo òótọ́ mọ́lẹ̀: obìnrin náà kọ́ mi ní iṣẹ́. Títí dòní, n kì í fọwọ́ kan ìkòkò ọbẹ̀ láìfọ ọwọ́ títí dé ìgúnpá. Àmọ́ ẹni tó kọ́ni wẹ̀ náà lè tini sómi.

Ohun kan wà tí Sístà fẹ́ràn ju gbogbo nǹkan lọ, òun ni Ọjọ́ Àfihàn Ọmọ. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, àwọn ìyá láti gbogbo àyíká yóò fi ọkọ̀ gbé ọmọ ọwọ́ wọn wá. A ó wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó bá wúwo jù ló gba ẹ̀bùn: mílíìkì agolo, pẹ̀lú ìwé ẹ̀yẹ tó ní rìbọ́nù pupa. Bó bá ti sanra tó, bẹ́ẹ̀ ni àtẹ́wọ́ ṣe máa ń pọ̀ tó. Nítorí pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára, èmi ni mo ń kọ orúkọ sórí ìwé náà. Mo máa ń fi ṣe fọ́ńté.

Mo ti ń dá ọmọ wọ̀n fún bí ọdún mẹ́fà nígbà tí wọ́n gbé Málọmọ́ wá.

Ọkọ̀ ni mo kọ́kọ́ rí. Ọmọ kan jókòó sí ìdí ọkọ̀, àgbàlagbà méjì sì fún ara wọn mọ́ orí ọkọ̀ kó lè dọ́gba. Ọmọ ọdún méje ni. Àtẹ̀gùn wa kò ju mẹ́sàn-án lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sinmi lórí rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ti ń tẹ̀ sínú. Bó bá ń mí, ẹ ó gbọ́ ọ láti ìta.

Ìyá rẹ̀ gbẹ bí ẹja tí wọ́n ń yan lórí àgbàn, èéfín ti pa ọwọ́ rẹ̀ láró. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, bó bá sùn lóru, èémí rẹ̀ a dúró, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń jókòó tì í, kí n lè jí i tó bá dúró. Ó ti tó ọdún kan tí n kò sùn."

"Ilé ìwé ńkọ́?"

"Ta ló fẹ́ gbé e sọdá? Àwọn ọlọ́kọ̀ ní òun nìkan jẹ́ èrò mẹ́ta. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń kọrin: Málọmọ́ jókòó sáàárín, kí ọkọ̀ wa má baà rì."

Ọmọ náà ń gbọ́. Ó ń fi ìka tẹ àpò ìwọ̀n, ó ní, "Orin náà kò dára. Wọn ò mọ orin í kọ."

Dókítà òyìnbó tó máa ń fi ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì wá wò wá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó gbọ́ ìró àyà rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ní òun fún ìyá rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà. Bí ara ọmọ náà kò bá fúyẹ́, òun yóò gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú kan ní òkè, níbi tí àwọn òyìnbó yóò ti máa wọn oúnjẹ fún un, ìyá rẹ̀ kò sì ní tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀, obìnrin náà kò sunkún. Ó ní, "Ọmọ mẹ́ta ni mo sin kí n tó rí èyí. Ẹ tún fẹ́ gba ìkẹrin láàyè."

Sístà fi iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́. Mo béèrè ohun tí ọmọ náà ń jẹ nílé. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi: pupuru láàárọ̀, ẹja, ẹ̀kọ nírọ̀lẹ́. Kò pọ̀. Mo ní kí pupuru rẹ̀ má ju ìkúùkù ọmọ náà fúnra rẹ̀ lọ, kì í ṣe ìkúùkù ìyá. Kí wọ́n se ẹja dípò kí wọ́n dín in. Kí wọ́n gbàgbé mílíìkì àti àgbọn. Kó máa rìn, kó sì máa di àjẹ̀ mú kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tukọ̀, nítorí ọmọ Ìlàjẹ tí kò mọ ọkọ̀ tù, tálákà ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni wọ́n ń wá. Lẹ́ẹ̀kíní, ọmọ náà ti wúwo sí i. Lẹ́ẹ̀kejì, ó tún wúwo sí i. Mo tún ìwọ̀n náà yẹ̀ wò, mo fi àpò ìrẹsì dán an wò. Kò sí ohun tó ṣe ìwọ̀n. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, Sístà wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ìyá rẹ̀ ń purọ́," ó wí. "Bí o bá sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, á tún purọ́. Sọ ọ́ níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìtìjú ló ń tún àwọn èèyàn yìí ṣe."

Àwọn èèyàn yìí, èmi náà wà lára wọn. Síbẹ̀ mo ṣe é. Ó tó ogún obìnrin tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ náà. Mo dúró, mo ní, "Ẹ wo obìnrin yìí. Òpùrọ́ ni. Ó ń bọ́ ọmọ rẹ̀ pa, ó sì ń wojú mi purọ́."

Obìnrin náà gbé ọmọ rẹ̀ kúrò lórí ìwọ̀n fúnra rẹ̀, bó ti wúwo tó. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ta ni mo fẹ́ purọ́ fún? Ìwọ ni, tàbí ikú?"

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, wọn kò wá. Sístà ní ẹ̀rí nìyẹn. Ara mi kò gbà á. Mo yá ọkọ̀, mo tù ú lọ sí abúlé wọn lọ́nà Molutehin, mo sì bẹ̀ wọ́n kí n sùn mọ́jú. Ìyá náà tẹ́ ẹní fún mi. Ní àárọ̀, ó fún ọmọ ní pupuru bí ìkúùkù rẹ̀, ẹja sísè kan. Mo fojú mi rí i. Lẹ́yìn náà, ọmọ jáde lọ ṣeré, mo sì tẹ̀ lé e.

Ẹ mọ bí abúlé wa ṣe rí: ilé lórí òpó, afárá pákó láti ilé dé ilé. Málọmọ́ kò tíì rìn ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ tí ẹnì kan fi pè é láti ojú fèrèsé. "Málọmọ́ tèmi, wá gbà." Ó ya ẹnu bí ọmọ ẹyẹ. Obìnrin náà fi òkèlè pupuru tó rì sínú ọbẹ̀ epo sí i lẹ́nu. Ilé kejì, àkàrà. Ilé kẹta, àgbọn tí wọ́n pò mọ́ mílíìkì. Ní ilé kẹjọ, ìyá kan tó jẹ́ mùsùlùmí, tó ń ta iyọ̀, tó sì ń gbààwẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun náà ti fi ẹja díndín pamọ́ dè é. Mo ń kà á. Ilé mẹ́tàlá. Nígbà tí yóò fi dé ìpẹ̀kun afárá, ó ti jẹ oúnjẹ àgbàlagbà mẹ́ta, wọ́n sì ní nírọ̀lẹ́ yóò tún padà gba ibẹ̀ kọjá.

Mo padà bá ìyá rẹ̀ nídìí àgbàn. Mo ní, "Ìyá Málọmọ́, kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Sọ kí ni?"

"Oúnjẹ ilé mẹ́tàlá."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo wèrè. "Ìyẹn kì í ṣe oúnjẹ. Oúnjẹ ilé mi lo béèrè, mo sì dá ọ lóhùn."

Ibẹ̀ ló ti là mí lóye. Ní abúlé wọn, ọmọ tó bá dé lẹ́yìn òkú mẹ́ta, ìyá kì í dá a ní. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, wọ́n gbé Málọmọ́ láti ilé dé ilé. Ilé kọ̀ọ̀kan tọ́ ọ ní oúnjẹ láti inú ìkòkò tirẹ̀, wọ́n sì ní, "Tèmi ni." Bí ikú bá wá béèrè ọmọ ta ni, kò ní mọ ilé tí yóò yà. Láti ọjọ́ náà, òkèlè kan lójúmọ́ di ẹ̀tọ́ ọmọ náà ní ilé kọ̀ọ̀kan. Ilé tó bá kọ̀ ọ́ ti yọ ọwọ́ lọ́rọ̀ rẹ̀.

Ẹnu yà mí. Abereke ni wọ́n bí mi sí, n kò gbọ́ ọ rí. Àmọ́ mo rò ó pé òkèlè kan kì í ṣe àgbọn àti mílíìkì. Mo lọ bá ẹni tó dàgbà jù nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní Ìyé Àgbà, tí ilé rẹ̀ wà ní ìpẹ̀kun afárá. Mo ní, "Ìyé, ṣé bó ṣe tóbi báyìí ni òkèlè yẹn ti ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀?"

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín. "Bíńtín ni, bí orí ìka. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ di ńlá."

"Àwa wo?"

Ó tọ́ka sí ògiri. Wọ́n fi ìṣó kan ìwé kan mọ́ ọn, rìbọ́nù pupa rẹ̀ ti ṣá. Mo sún mọ́ ọn. Málọmọ́, ẹ̀bùn kìíní, ọmọ tó ní ìlera jù. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ni. Fọ́ńté tí mo máa ń ṣe, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Èmi ni mo gbé ọmọ yẹn sínú àpò. Èmi ni mo ké ìwọ̀n rẹ̀ jáde tí àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ mìíràn ló dé, n kò rántí rẹ̀ mọ́.

Ìyé Àgbà ní, "Lọ́jọ́ náà, Sístà yín gun orí àga. Ó ní ìlera nìyí, kí gbogbo wa má ṣe jẹ́ kó jó rẹ̀yìn. Ṣé ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, a ó máa bá yín jiyàn ni? A gbé ìwé náà wálé, a bẹ̀rẹ̀ sí í ki òkèlè. Ní báyìí ẹ ní ìyá rẹ̀ ń purọ́."

Mo tukọ̀ padà lọ́jọ́ náà láìmọ̀ pé mo ń tù. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Sístà. Ó gbọ́ mi dé ìparí, ó ń tún ìgò tò. Ó ní, "Ṣé o ti kọ ọ́ sílẹ̀?"

Mo ní n kò tíì kọ ọ́.

"Ó dára. Má kọ ọ́. Ohun tí a kò kọ, a kò rí i."

Obìnrin tó fi rúlà na òtítọ́ wọ inú egungun mi nìyẹn.

N kò kọ ọ́. Àmọ́ mo padà sí abúlé. A jókòó sórí pákó tí wọ́n ń sá ẹja sí, àwọn obìnrin ilé mẹ́tàlá, ìyá ọmọ, àti ọmọ fúnra rẹ̀. Mo ṣàlàyé ohun tí ọ̀rá ń ṣe fún èémí rẹ̀. Ìyá oníyọ̀ ní, "Bí mo bá dá òkèlè dúró tí ọmọ kú, ta ni wọn yóò dárúkọ?"

Málọmọ́ ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ ó ṣì máa pè mí láti ojú fèrèsé?"

Gbogbo wa yíjú sí i. Ìyé Àgbà ní, "A ó máa pè ọ́. Ìkòkò ilé kan kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀ nìkan. Ìkòkò omi ńkọ́? Ohun tó ti inú ilé mi wọ ẹnu rẹ̀, tèmi ni." Ó bu omi sínú igbá, ó nà án sí ọmọ náà. Ọmọ mu ún. Arúgbó náà ní, "Tèmi ni," ó sì wo ojú àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi mi orí.

Báyìí ni ilé mẹ́tàlá ṣe ń fún un ní omi. Wọ́n tún fi kún un: ilé tó bá fún un lómi yóò tún rán an níṣẹ́. Kó bá wọn yí ẹja, kó bá wọn tu ọkọ̀ kékeré dé ìdí àwọ̀n. Lọ́jọ́ kìíní tó di àjẹ̀ mú, ọkọ̀ náà ń yí lójú kan bí ọmọ adìyẹ tí òòyì ń kọ́. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Ẹ rọra rẹ́rìn-ín, mo ń bọ̀."

Oṣù kẹta, ìwọ̀n dúró lójú kan. Oṣù kẹrin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí omi tó ń fà. Ọmọ náà sì ń ga. N kò fi ebi pa á. Ọmọ tó ń dàgbà, ẹ jẹ́ kí gíga rẹ̀ bá sísanra rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo ní fún yín lórí ọ̀rọ̀ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní oṣù karùn-ún ni gbogbo rẹ̀ fẹ́ dàrú. Mo bá ìyá rẹ̀ lórí ìloro, agolo mílíìkì kan wà lórí itan rẹ̀, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Egungun ọrùn rẹ̀ ti yọ," ó wí. "Mo rí i láàárọ̀ nígbà tí mo ń wẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn mẹ́ta ṣe bẹ̀rẹ̀. Egungun yẹn ló kọ́kọ́ máa ń yọ sí mi."

Láti ọjọ́ tí mo ti ń bá a jà, n kò rò ó rí pé ohun tí mo ń pè ní ìlera, ojú ikú ni obìnrin yìí ń rí nínú rẹ̀.

Mo jókòó tì í. Mo ní, "Àwọn mẹ́ta yẹn, ṣé wọ́n ń jẹun nígbà náà?"

"Wọn kì í jẹ."

"Ṣé wọ́n ń sùn?"

"Wọ́n ń sunkún mọ́jú ni."

"Málọmọ́ ńkọ́?"

Ó ní, "Ó ń sùn. Èémí rẹ̀ kì í dúró mọ́. Lóru àná, èmi náà sùn lọ." Ó wo agolo náà, ó gbé ọ̀bẹ náà fún mi. N kò gba agolo lọ́wọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ fún ìyá oníyọ̀.

Ọjọ́ pé. Dókítà fi ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì wá gbé ọmọ ní abúlé, Sístà sì bá a wá, ó di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, ó pa ojú dé. Mo wà ní etí afárá pẹ̀lú àwọn obìnrin. Ọmọbìnrin kan tu ọkọ̀ kékeré jáde lọ gba okùn wọn.

Sístà la ojú. Ó ní, "Ìwọ, lọ sọ fún ìyá Málọmọ́ kó gbé ọmọ náà jáde, ká lè tètè lọ."

Ọmọ náà ní, "Èmi rèé, mà."

Dókítà wò ó, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó tún wò ó. Ó gbọ́ ìró àyà rẹ̀ lórí ọkọ̀ níbẹ̀. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó ní kò sí ibi tí òun ń gbé ẹnikẹ́ni lọ mọ́, ó sì béèrè bí ó ti ṣe ṣẹlẹ̀. Sístà dá a lóhùn lédè òyìnbó, ó sì tún un sọ ní Yorùbá kí gbogbo abúlé lè gbọ́: "A dúpẹ́. Bí kì í bá ṣe pé èmi tètè já irọ́ ìyá rẹ̀, ọmọ yìí ì bá ti kú."

Àwọn obìnrin ilé mẹ́tàlá yíjú sí mi. Ìyá ọmọ náà yíjú sí mi. Ohùn mi nìkan ni wọ́n ń dúró dè. Mo wo omi. Mo ń ro iṣẹ́ mi. Obìnrin náà fa ọwọ́ ọmọ rẹ̀, wọ́n sì wọlé.

Ìjàǹbá ayé iṣẹ́ mi nìyẹn, omi kò sì pa ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Nígbà tí Ọjọ́ Àfihàn Ọmọ tún dé, mo kọ̀, n kò wọn ẹnikẹ́ni, Sístà sì ní kí wọ́n gbé mi lọ sí Etikan. Mo pẹ́ níbẹ̀ ju bí mo ti rò lọ. Ìwọ̀n tuntun dé, èyí tí ọmọ máa ń dúró lé lórí, tí wọ́n ń ti irin rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Káàdì dé, tí a ń fa ìlà ìdàgbà ọmọ sí. Ó dára ju ìwọ̀n edé lọ. Síbẹ̀, gbogbo ìyá tó bá wá, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ohun tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ ní ilé ẹlòmíràn. Òyìnbó lọ, mo ṣiṣẹ́ títí agbára fi tán. Ìwé ìjọ ní Sístà Dọ́kásì ló wo Málọmọ́ sàn.

Kí n tó lọ sí Etikan, mo lọ bẹ ìyá Málọmọ́. Mo kúnlẹ̀ nínú ilé rẹ̀, ilẹ̀kùn wà ní títì. Ó gbé mi dìde, ó fún mi ní ẹja ṣáwá yíyan, ó dúró tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Nọ́ọ̀sì, o ṣeun tí o wá. Àmọ́ gbangba lo ti pè mí ní òpùrọ́. Kọ̀rọ̀ lo ti wá bẹ̀ mí."

Ó ti kú. Málọmọ́ wà láyé, ó ti ní ọmọ ọmọ, bó bá kí mi, ẹnu lásán ni.

Nítorí náà ni mo ṣe kọ ọ́ síbi tí gbogbo ayé yóò ti kà á: obìnrin yẹn kò purọ́ fún mi rí, ohun tí mo bi í ló dáhùn. Èmi ni mo wà níbẹ̀, mo sì rí i.